Ọmọ Aṣẹ́gità Ń Náání Èèpo Igi

Lẹ́tà pọ̀ nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ orogún, ẹnì kan ní kí n bá òun wá ẹni tó kó owó àjọ òun sá lọ. Gbogbo yín lẹ máa gbọ́ èsì tiyín. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì, tí mo ní láti nu awò ojú mi kí n tó lè kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀yọ́ ló ti wá. Màá gbé e sílẹ̀ fún yín bó ṣe wà. Orúkọ nìkan ni mo yọ kúrò, torí ọ̀rọ̀ ọmọ wà nínú ẹ̀, a kì í sì í tú ọmọ síta gbangba. Ó kà báyìí:

"Olóòtú mi, mo kí yín o. Ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Opó ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ẹ̀kọ àti èkuru ni mo ń tà kí bàbá wọn tó kú. Nígbà tó kú, owó òwò mi bá ìsìnkú lọ. Ọdún yẹn gan-an ni àkọ́bí mi wọ yunifásítì. Mo ronú títí, n ò rí ẹni tí mo lè yá owó lọ́wọ́ ẹ̀. Obìnrin kan ládùúgbò wa tó ń ṣa ike ló mú mi mọ iṣẹ́ náà. À ń lọ sẹ́yìn ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, à ń ṣa ìgò oníke, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti agolo. A ó fọ̀ ọ́, a ó sá a, ẹni tó ń rà á á wá wọ̀n ọ́n ní kílò-kílò. Owó yẹn ni mo fi san owó ilé ìwé ọdún kìíní. Òun náà ni mo fi san ti ọdún kejì.

"Ọmọ mi ti wọ ọdún kẹta báyìí. Lọ́jọ́ kan, mo ru àpò mi, mo ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo rí ọmọ mi lọ́ọ̀ọ́kán, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta. Inú mi dùn, mo ti lanu pé kí n kì í. Ó wò mí, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló kí mi, ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́, Mà.' Ọmọ tèmi ò kí mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló pè mí lórí fóònù. Ó ń sunkún. Ó ní, 'Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá síbí mọ́. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀yin ni ìyá mi, n ò ní lè gbórí sókè.'

"Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti jókòó sílé. Owó ilé tó ń gbé ti tó san, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. N ò bínú sí i o, ọmọ mi ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún mi ni pé, ṣé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, àbí kí n máa lọ lóru tí ẹnì kan ò ní í rí mi? Èmi ni, Ìyá Oníke, Ọ̀yọ́."

Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má lọ lóru. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Ẹni tó gbé àpò rìn lóru, bí ọlọ́dẹ bá rí i, kò ní bi í pé kí ló ń ṣa. Ejò ń bẹ lórí ààtàn, ìgò fífọ́ ń bẹ níbẹ̀, èèyàn burúkú náà ń bẹ. Iṣẹ́ tó mọ́, bí a bá ti ń fi òru bojú ṣe é, aráyé á sọ ọ́ di iṣẹ́ olè.

Ẹ má sì fi í sílẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe é ni màá ní kẹ́ ẹ yí padà, màá sì sọ bẹ́ ẹ ṣe máa yí i. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, mo fẹ́ bá ọmọ yín, àti gbogbo àwa tí à ń ka ìwé yìí, sọ̀rọ̀ lórí ohun tó wà nínú àpò yín. Ó jọ pé a ò mọ̀ ọ́n ni.

Láìpẹ́ yìí, mo bá ẹbí lọ ṣe ìnáwó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo yà ní Under G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí. Ọdún 1990 ni wọ́n dá yunifásítì yẹn sílẹ̀, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà ayé ẹ̀, ni wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀ sọrí. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, oúnjẹ á tà níbẹ̀. Mo jókòó ti àmàlà gbígbóná. Ìyá tó ń tà á mọ́ tónítóní, abọ́ ẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n kí n tó jẹun tán, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó bọ́ sílẹ̀ láyìíká mi ti ju ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ mi lọ. Nígbà tó yá, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn gbálẹ̀. Ọ̀rá ni o, eegun ni o, èèpo iṣu ni o, ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú abọ́, ìgò kóòkì oníke, gbogbo ẹ̀ ló dà sínú àpò kan ṣoṣo. Mo bi ìyá náà pé níbo ni wọ́n ń kó o lọ. Ó ní, "Ẹni tó ń kó o á wá. Bí ò bá wá, a ó dáná sun ún."

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin lẹ sáà mọ ìṣirò jù. Ọ̀rá 20 ló ń wà nínú àpò píọ̀ wọ́tà kan. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 péré ni wọ́n, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mu mẹ́ta lóòjọ́. Ọ̀rá 3,000 nìyẹn lọ́jọ́ kan. Láàárín ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi ń lọ kíláàsì, ó ti di 15,000. Bẹ́ẹ̀ yunifásítì wa kò sí èyí tó jẹ́ ti ẹgbẹ̀rún kan péré mọ́ nínú àwọn ńlá. Nǹkan bí ọ̀rá 500 tó ti gbẹ ló máa wọ̀n tó kílò kan. Nǹkan bí ìgò oníke kékeré 50 ló máa wọ̀n tó kílò kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣa á ṣe máa ń sáré lé ìgò, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rá sílẹ̀. Ọ̀rá yẹn ló ń kún gọ́tà wa.

Ẹ gbọ́ ibi tí nǹkan wọ̀nyí ń lọ. Ìgò oníke tí ìyá wa ṣà, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á lọ̀ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọn á yọ́ ọ, wọn á fà á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Òwú yẹn ni wọ́n ń rọ sínú ìrọ̀rí, tí wọ́n fi ń hun okùn àti aṣọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọn á yọ́ ọ di wóró-wóró, wóró yẹn ló ń padà di ọ̀rá dúdú tí ẹ fi ń di ọjà fún oníbàárà, òun náà ló ń di bùtà àti báàfù. Agolo kóòkì àti ti maltina, àwọn tó ń da ìkòkò nínú yanrìn ń yọ́ ọ, ìkòkò ọbẹ̀ yín ló ń dà. Ẹ sì mọ̀ pé iná tí wọ́n fi ń yọ́ agolo àlòkù, bí a bá pín iná tí wọ́n fi ń yọ irú irin yẹn látinú òkúta ilẹ̀ sí ọ̀nà 100, kò ju ọ̀nà márùn-ún lọ. Ẹ ò rí i pé ọjà ni? Ìdọ̀tí kọ́.

Ọmọ mi, ìwọ tí ìyá ẹ kọ̀wé sí mi, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́, Agbaje Lateef lorúkọ ẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ni iṣẹ́ ẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yìí àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí? Pádi kòkó tí àgbẹ̀ jù nù ni. Èèpo pákí ni. Pàǹtí ẹkùrọ́ tí wọ́n ti fún epo ẹ̀ tán ni. Lọ́dún 2008, wọ́n tẹ ìwé jáde lórí bí àwọn ṣe mú irú ohun tó máa ń hù lórí búrẹ́dì tó bá ti bu, tí wọ́n jẹ́ kó hù sára àwọn èèpo yìí. Ohun aṣaralóore inú ẹ̀ pọ̀ sí i, májèlé tó wà nínú èèpo pákí sì dín kù gan-an, tó fi lè di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n tún mú òwú aláǹtakùn, ohun tí ìyá ẹ ń fi ọwọ̀ gbá kúrò lára àjà, wọ́n fi ṣe egunrin fàdákà kékeré tó ń pa kòkòrò àrùn. Èèyàn gba oyè ọ̀jọ̀gbọ́n nídìí pàǹtí! Ìyá ẹ ń wo pàǹtí, ó ń rí owó ilé ìwé ẹ nínú ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo pàǹtí, ó ń rí ìmọ̀ nínú ẹ̀. Ìwọ tó o wà láàárín àwọn méjèèjì, ìtìjú nìkan lo rí.

Bó o bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n ò ru àpò, màá sọ ti ẹlòmíì fún ẹ. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Bilikiss Adebiyi-Abiola. Ó kàwé débi gíga ní Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá tó ń jẹ́ IBM. Lọ́dún 2012, ó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ l'Ékòó, Wecyclers lorúkọ ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tó ń fa ọmọlanke ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wọ àdúgbò tí mọ́tò akólẹ̀ ò lè wọ̀, wọ́n ń gba ike, ọ̀rá àti agolo lọ́wọ́ àwọn ìyá, wọ́n sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn bí ohun tí wọ́n kó wá bá ṣe wọ̀n tó. Lọ́dún 2019, ilé iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn ńlá King Baudouin ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Iṣẹ́ tí ìyá ẹ ń fi orí rù náà ni.

Lọ́dún 2019 yẹn kan náà, òkìkí ilé ìwé kan ní Ajégúnlẹ̀, l'Ékòó, kàn káàkiri ayé. Morit International School lorúkọ ẹ̀. Àwọn òbí tí kò lówó lọ́wọ́ ń gbé àpò ìgò oníke wá síbẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, iye tó bá jẹ́, wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé ìwé ọmọ. Gbangba ni wọ́n ń ṣe é, lọ́sàn-án, níwájú olùkọ́ àti ọmọ. Kò sí ẹni tó fi òru bojú.

Ẹ̀yin àgbà á sọ pé nígbà tiwa, kò sí gbogbo ìyọnu yìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wádìí ohun tó fà á. Ṣé a kì í ju nǹkan nù láyé àtijọ́ ni? À ń jù ú. Bá a bá jẹ ẹ̀kọ tán, à ń ju ewé sílẹ̀. Ewé yẹn, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, tàbí kí ó jẹrà kí òjò tó dá. Igbá tí àwọn ọnígbá Ọ̀yọ́ fín, bó bá fọ́, wọ́n á so ó, bó bá kọjá síso, ilẹ̀ ló ń padà sí. Pádi kòkó, wọ́n ń sun ún, eérú ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1990 sókè, ni píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá gba ìgboro kan. A yí ohun tí à ń fi di nǹkan padà, ṣùgbọ́n a ò yí ìwà wa padà. Ọwọ́ tí a fi ń ju ewé náà la fi ń ju ọ̀rá. Ọ̀rá ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun jẹrà. Ibi tí o bá jù ú sí lónìí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọmọ ẹ bá a níbẹ̀.

Òjò ló sì máa ń wá bá wa ṣírò ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà, ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ní Ìbàdàn, nígbà tí odò Ògùnpa ya. Ó lé ní 200 ẹ̀mí tó bá a lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ó lé ní 100 èèyàn tó kú. Òjò pọ̀ lóòótọ́, àwọn kan sì kọ́lé sójú omi. Ṣùgbọ́n pàǹtí tí a dà sínú odò àti gọ́tà wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà ní odò, wọ́n ní gọ́tà. Igi gangan-ran má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó.

Ẹ wá gbọ́ àṣírí tó wà nínú òwò yìí. Ọjà ni gbogbo nǹkan tí à ń dà nù, àfi ìgbà tí a bá dà wọ́n pọ̀. Ìgò tó gbẹ, ọjà ni. Èèpo iṣu nìkan, oúnjẹ ewúrẹ́ ni. Bí ìgò àti èèpo iṣu àti omi ọbẹ̀ bá ti pàdé nínú àpò kan, ó parí, ó ti di ìdọ̀tí. Ewúrẹ́ ò lè jẹ ẹ́, oníke ò ní rà á. Kí ìyá wa tó lè rí ìgò kan nínú ẹ̀, àfi kó tọwọ́ bọ ẹ̀gbin. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀yọ́, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ wà, kò tíì dé ọwọ́ ọ̀gá yunifásítì. Ẹ gbé nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín. Àpò kan fún ìgò àti agolo. Àpò kan fún ọ̀rá tí wọ́n ti gbọn omi inú ẹ̀ dànù. Garawa olómorí kan fún èèpo àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Ẹ kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ yín, ẹ fi han akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́sẹ̀ kìíní wọ́n á máa rojú, lọ́sẹ̀ kẹta á ti mọ́ wọn lára.

Èyí tó tún dáa ju ká ṣa á lọ ni ká má jẹ́ kó wáyé rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé abọ́ tiẹ̀ wá, ẹ bá a yọ owó tékàwé kúrò, ẹ óò rí i pé wọ́n á máa gbé abọ́ wá. Ẹni tó bá jókòó jẹun, ẹ fún un lómi nínú kọ́ọ̀pù tí ẹ fi ọṣẹ fọ̀, kí omi náà jẹ́ èyí tó mọ́. Mọ́ínmọ́ín inú ewé, ṣé ẹnì kan wà tó jẹ ẹ́ tó ní ti inú ọ̀rá dùn jù ú lọ? Ẹ má sì rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. L'Ékòó, oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba kéde pé àwọn fòfin de tékàwé onífóòmù. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2025, wọ́n tún mú kọ́ọ̀pù oníke àlòjùnù àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn. Ilẹ̀ Kẹ́ńyà ti fòfin de ọ̀rá ìdijà láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, èèyàn lè fẹ̀wọ̀n jura nítorí ẹ̀. Bí òfin bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń lo ewé àti abọ́ ò ní í sáré.

Ẹ má sun ún o, ẹ jọ̀ọ́. Èéfín ike àti fóòmù ní májèlé nínú, inú àyà àwọn ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn ló ń lọ.

Ó kù sí ẹ̀yin, Ìyá Oníke. Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Àkọ́kọ́, ẹ lọ lójúmọmọ, kẹ́ ẹ sì gba àṣẹ. Ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé yẹn, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ máa kó ike àti agolo láwọn ọjọ́ báyìí-báyìí. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ọ̀rá kẹ́ ẹ máa mú un rìn. Ọlọ́dẹ tó bá rí i, ṣe ló máa kí yín.

Ìkejì, ẹ kúrò ní ẹni tó ń ṣa nǹkan nílẹ̀, kẹ́ ẹ di ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ pín àpò òfìfo fún àwọn olóúnjẹ, àwọn onípíọ̀ wọ́tà àti àwọn tó ń tọ́jú ilé akẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹ dá ọjọ́ fún wọn. Bó bá ti kún, ẹ san díẹ̀ fún wọn lórí kílò kan, kẹ́ ẹ kó o ní mímọ́. Díẹ̀ lẹ máa san, ṣùgbọ́n ẹ ò ní tọwọ́ bọ ààtàn mọ́, èyí tó mọ́ sì ń pa owó ju èyí tó dọ̀tí lọ. Ẹ yọ ìdérí, ẹ já bébà ara ìgò, ẹ ya funfun sọ́tọ̀, ẹ ya aláwọ̀ ewé sọ́tọ̀. Irú ike tí wọ́n fi ṣe ìdérí yàtọ̀ sí ti ìgò, ìdí nìyẹn tí oníṣòwò fi ń gé owó lórí ẹ̀ bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀.

Ìkẹta, ẹ má dá a ṣe. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ wá obìnrin mẹ́rin kún ara yín, ẹ dá àjọ, ẹ ra òṣùwọ̀n tiyín. Ẹni tí ò ní òṣùwọ̀n, iye tí oníbàárà bá pè ló máa gbà. Bí ẹ bá ti kó o pọ̀ tó ọkọ̀ kan, ẹ ò nílò alágbàtà, ẹ lè bá ilé iṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́ sọ̀rọ̀ fúnra yín.

Ìkẹrin, ẹ ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà òjò. Ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá ti ilé ìwòsàn jáde, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò, ẹ má tà á fún ẹni tó máa rọ epo tàbí sobo sí i láéláé.

Ìkarùn-ún ni ti ọmọ yín. Ẹ má bú u. Ọmọ náà ò burú, ẹ̀rù ẹgbẹ́ ló ń bà á. Ẹni tó ń sunkún lórí fóònù kò tíì di ọmọ burúkú. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ gbé ìwé ìṣirò yín síwájú ẹ̀: kílò báyìí lọ́dún kìíní, kílò báyìí lọ́dún kejì. Kó fi ìkọ̀wé ara ẹ̀ ṣírò iye ìgò tó gbé e dé ibi tó wà.

Ìwọ ọmọ yìí, èmi náà ti jẹ́ ọmọ rí, mo mọ bí ojú ṣe ń tini nígbà tí irùngbọ̀n bá ń yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ẹ tí kò mọ obìnrin yẹn rí, ó kí i. Kò rí ohun ìtìjú lára ẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo yàn fún ẹ. Ìwọ ni kó o kọ ìwé ìgbàṣẹ yẹn, torí o kàwé, ìyá ẹ ò kàwé. Ìwọ ni kó o máa kọ iye kílò sínú ìwé fún un, kí oníṣòwò má rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ̀kẹta ló le jù: lọ́jọ́ tó o bá tún pàdé ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, dọ̀bálẹ̀, kó o gba àpò yẹn lórí ẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ bá rẹ́rìn-ín, wọn ò ní rín in ju ọjọ́ kan lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ọmọ ẹni tó ń ṣẹ́ igi tà kì í fojú tín-ínrín èèpo igi, torí ó mọ̀ pé òun ló dáná oúnjẹ tóun jẹ dàgbà.

Ìyá Oníke, ẹ ní ọmọ àbúrò yín ló bá yín kọ lẹ́tà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa ka èsì yìí fún yín. Ẹ fi ìwé ìròyìn yìí pamọ́ títí àkọ́bí yín á fi délé. Kó jókòó tì yín, kó kà á sókè ketekete, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ti kà á tán, ẹ jẹ́ kó kọ̀wé sí mi. Èmi á tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ewé yìí.

Ẹ̀yin olóúnjẹ Under G, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí ẹ ń ta nǹkan lẹ́bàá ilé ìwé, ẹ kọ̀wé sí mi náà. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bí àpò yín ṣe kún tó. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.